Ẹ̀kán Gọ́ọ̀mù Kan

Ọ̀gá Tépù kì í fi nǹkan kan kún iṣẹ́ oníṣẹ́, kì í sì í yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó rìn yí ère irin náà ká tán, ohùn rẹ̀ sì ń ga sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹnì kan ń bá a jiyàn. Obìnrin tó ń tẹ̀ lé e kò bá a jiyàn. Ó kàn ń mi orí, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì ń ṣọ́ra kí bàtà rẹ̀ má tẹ àwọn ègé irin tó fọ́n sílẹ̀ nínú ọgbà náà.

Wẹ́dà ni Ọ̀gá Tépù, ilẹ̀kùn àti géètì ló sì máa ń ṣe jù. Torí pé tépù ìwọ̀n kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú gbé ère amọ̀ kékeré kan wá fún un, tí wọ́n ní kó fi irin ṣe irú rẹ̀ ní ìlọ́po méjìlá, kí wọ́n lè gbé e sí oríta tó wà níwájú ilé ìkàwé, ó kan àpótí igi kan yí ère náà ká, ó ta òwú sí i lóròó àti níbùú bí àwọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ibi tí òwú kọ̀ọ̀kan ti kan amọ̀. Oṣù méje ló fi wọ̀n, tó gé, tó jó.

Ewé mẹ́ta ni ère náà, tí a bá fẹ́ fi ẹnu lásán ṣàpèjúwe rẹ̀: abala mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dìde láti ìdí kan náà, tó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ga lọ. Kò jọ ènìyàn, kò jọ ẹranko. Ẹni tó bá bi Alámọ̀ tó mọ ọ́n pé kí ló jọ, á ní ó jọ ara rẹ̀.

"Ẹ wo ibí yìí, Àǹtí," Ọ̀gá Tépù ní, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu kókó irin kan tó yọ síta lára ewé kẹta, níbi tó bá àyà ènìyàn dọ́gba. "Ibí yìí ló fojú mi rí nǹkan jù. Nínú ti Bàbá Alámọ̀, kò ju ẹyọ àgbàdo kan lọ. Mo fi méjìlá sọ ọ́ di púpọ̀, ó di odindi orí ọmọ tuntun. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi lù ú kó tó rí roboto báyìí. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti sọ ère náà ní Olóyún. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wá síbí lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní omijé ni. Madam Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà gbà pé omijé ni, wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ètò ọjọ́ tí a máa ṣí i. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

Obìnrin náà wo kókó irin náà.

"Ó dára," ó ní.

"Mo mọ̀ pé ó dára. Kí ló jẹ́ ni mo béèrè."

"Omijé náà ni," ó ní, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Gọ́ọ̀mù ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sì kán an síbẹ̀.

Ilé ìkàwé tí wọ́n fẹ́ gbé ère náà síwájú rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan lẹ́yìn, níbi tó ti ń tún ìwé tó ya ṣe. Àwọn ọmọ tó ń wá kàwé a máa pè é ní Àǹtí Gọ́ọ̀mù, kò sì bínú sí i, torí ó mọ̀ pé ọwọ́ òun dáa. Ìwé tí ajá jẹ, ìwé tí òjò pa, ìwé tí ọmọ ọdún méjì fà ya látẹ̀yìn dé iwájú, wọn á kúrò níwájú rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n rí. Ilé ni kò ti rí i ṣe.

Alámọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ni àkọ́bí, obìnrin yìí ni àbígbẹ̀yìn, ogún ọdún sì wà láàárín wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ojú ẹ̀gbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, àbúrò ló sì di ojú fún un. Òun ló ń ka lẹ́tà fún un. Òun ló ń sọ fún un bóyá ẹ̀wù tó wọ̀ bá ṣòkòtò mu, bóyá òjò ṣú, bóyá ẹni tó ń kí i ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń dibọ́n. Àlejò tó bá wọlé, Alámọ̀ á ní, "Ẹ bi àbúrò mi. Irọ́ kì í gbé ẹnu ẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń sọ ọ́ lọ́sẹ̀, látìgbà tí ère náà sì ti kúrò nílé, kò sí ìgbà tó sọ ọ́ tí ara àbúrò rẹ̀ kì í bù máṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá gbé ère kékeré náà lọ́jọ́ Ajé. Ó wọ yàrá iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti nu eruku, àkísà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé ìtàn tó yá ní ilé ìkàwé lọ́wọ́ òsì, torí pé ọmọbìnrin inú ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí lẹ́tà kan, kò sì ní sùúrù láti dúró kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ń kà, ó ń nù. Ó ń nù, ó ń kà. Ìgbà tí ojú rẹ̀ máa fi kúrò lára ìwé, ìdajì ewé kẹta ti wà nílẹ̀.

"Kí ló bọ́?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè láti pálọ̀, níbi tó ti ń gbọ́ rédíò.

"Ìwé ni," ó ní.

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni mí. Gọ́ọ̀mù gidi, èyí tó máa ń fi tún ìwé ṣe, ń fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbẹ, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan wúwo dì í mú. Ta ló mọ ìyẹn tó òun? Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ti sún mọ́lé, ó sì sáré jáde lọ ra gọ́ọ̀mù inú ike kékeré, irú èyí tó ń gan lójú ẹsẹ̀. Ó tò ó pọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ewé náà mú, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó kà á dé ogún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó bá òun bu omi. Ó yí orí padà láti dáhùn. Ìyẹn náà ló tó. Nígbà tó máa wò ó padà, ewé kẹta ti gan, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, orí rẹ̀ ti lọ fara kan orí ewé kejì, ẹ̀kán gọ́ọ̀mù kan sì ti yọ níbi tó kán, ó ti le. Ó po amọ̀ díẹ̀, ó fi kùn ún. Kò rò pé orí tó fara kan orí já mọ́ nǹkan kan. Ó tilẹ̀ rò pé ó rẹwà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá mọ̀ ká ní ó fọwọ́ kàn án. Kò fọwọ́ kàn án. Bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ látilẹ̀ nìyẹn: iṣẹ́ tó bá ti ti inú iná jáde, ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé yàrá kan náà ni wọ́n jọ wà.

Gbogbo èyí ló ń yí lórí rẹ̀ nínú ọgbà Ọ̀gá Tépù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nígbà tí ọkùnrin náà sọ ohun tí obìnrin náà ti ń bẹ̀rù.

"Ó ku ọ̀dà nìkan. Ṣùgbọ́n mi ò ní kùn ún títí Bàbá fi máa fọwọ́ ara wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Tèmi kò tíì parí, ọwọ́ wọn lè kàn án. Ẹ mú wọn wá lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ṣí i."

"Ara Bàbá kò le tó bẹ́ẹ̀."

"Ara ta ni? Mo rí wọn lánàá níwájú ilé, wọ́n ń bá ajá aládùúgbò wí."

"Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

"A ó gbé ọkọ̀ wá," Ọ̀gá Tépù ní. Ọ̀rọ̀ parí.

Nígbà tó dé ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó sójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wẹ́dà pè mí. Ó ní o ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ wo nínú méjèèjì?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ kí ẹ wàhálà ara yín ni."

"Wàhálà wo? Ọdún méjì nìyí tí mi ò ti fọwọ́ kan ohun tó tóbi ju ife tíì lọ." Ó gbọn ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "O ti rí i. Báwo ló ṣe rí?"

Ibi tó yẹ kó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n, ère yẹn..."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó tóbi."

"Ó yẹ kó tóbi," Alámọ̀ ní, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó tún ìwé mẹ́ta ṣe ní ilé ìkàwé, ó sì ní láti tú méjì nínú wọn padà torí pé ó to ojú-ewé wọn sódì. Ó ń ro bí ọ̀rọ̀ náà á ṣe jáde lẹ́nu òun. Nínú àwọn ìwé ìtàn tó máa ń yá, ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ á kọ lẹ́tà, á fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, á sì wọ ọkọ̀ lọ. Òun kò lè kọ lẹ́tà. Ta ni ì bá kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí kì í ṣe òun?

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọkọ̀ Ọ̀gá Tépù gbé wọn dé ọgbà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dá ẹ̀rọ dúró. Alámọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀, ó sì na ọwọ́ síwájú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi kan irin.

Kò yára. Ìdí ère náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lóṣòó, ó fi ọwọ́ yí i ká, ó dìde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ewé àkọ́kọ́. "Hẹn," ó ní. Ó bọ́ sára ewé kejì. "Hẹn-hẹn. Ọmọ yìí, o mọṣẹ́." Ọ̀gá Tépù, tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí tíṣà yìn. Àbúrò dúró lẹ́yìn wọn, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń gun ewé kẹta bọ̀, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń wo omi tó ń kún bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọwọ́ náà dé orí kókó. Ó dúró.

"Kí lèyí?"

"Tiyín ni, Bàbá," Ọ̀gá Tépù ní. "Omijé. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mọ́kànlá."

"Omijé ta ni?"

"Ó wà lára ti amọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá. Mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò sì..."

"Mi ò ṣe nǹkan kan síbí yìí." Ohùn Alámọ̀ kò ga. Ó ń fi àtàǹpàkò yí kókó náà po. "Ó tẹ́jú ni mo fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣì í wọ̀n ni?"

Tépù ọwọ́ Ọ̀gá Tépù bọ́ sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Àbúrò wo ojú rẹ̀, ó rí i pé tí òun bá tún dákẹ́ ní ìṣẹ́jú kan sí i, ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ yìí ló máa ru ẹ̀bi náà.

"Kò ṣì í wọ̀n, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Gọ́ọ̀mù ni. Mo fọ́ ère amọ̀ náà. Ọjọ́ tí ẹ bi mí pé kí ló bọ́, tí mo ní ìwé ni, òun ló bọ́. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, mo sì fi amọ̀ kùn ún."

Ọ̀gá Tépù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an.

"Ọjọ́ mẹ́rin, Àǹtí. Gọ́ọ̀mù ni mo fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì pa á mọ́nú. Alámọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá mi wá àkàbà," ó ní.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má gòkè. Ó ní kí wọ́n bá òun wá àkàbà. Ọkùnrin méjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń gòkè, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ̀ lé ewé kẹta títí ó fi dé orí rẹ̀, níbi tó ti fara kan ewé kejì. Ó wá ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Ó gbìyànjú láti ki ìka bọ ọ́, ìka kò wọlé. Ó pẹ́ lókè níbẹ̀ tó ń wá a.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí àgbá kan.

"Àlàfo wà níbẹ̀," ó ní. "Kò ju igi ìṣáná lọ. Ìgbà tí mò ń ṣe é, ojú ọ̀tún ti lọ. Ti òsì, ìlà ìmọ́lẹ̀ kan ló kù nínú ẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn kò pa dé. Mo máa ń jókòó wò ó láràárọ̀. Òun ni mo fi amọ̀ mọ. Gbogbo ìyókù, àyíká ẹ̀ lásán ni."

Àbúrò kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ègé irin kún. "Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"O ò mọ̀ nípa àlàfo. Ìyẹn kò burú, mi ò sọ fún ẹnì kankan." Ó ń bá iwájú sọ̀rọ̀, kì í ṣe apá ibi tó wà. "Ère lè fọ́. Mo ti fọ́ ère tó ju ogójì lọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ. Alaalẹ́ ni mò ń bi ọ́ pé kí ni wọ́n ń sọ nípa ẹ̀, o sì ń sọ ọ́ fún mi bí ìtàn. O ní lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ, ọ̀gá ilé-ìwé dúró níwájú ẹ̀, ó sì bọ́ fìlà. Ṣé ó bọ́ fìlà?"

Ó ronú. "Ó bọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá Tépù bóyá kókó náà àti ojú ibi tí orí méjèèjì ti pàdé ṣeé gé. Ọ̀gá Tépù ní ó ṣeé gé, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Alámọ̀ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Òun á dúró tì wọ́n láti fi ọwọ́ wọn àlàfo náà fúnra rẹ̀. Ó ní kí àbúrò òun máa lọ sílé, kó sì fi lẹ́tà tó dé láàárọ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì. Ẹlòmíràn á kà á.

Lẹ́tà iná mànàmáná ni. Ó mọ̀, torí ó ti rí àpòòwé rẹ̀. Síbẹ̀ ó sunkún lé e lórí bí ẹni tí wọ́n kọ ìkọ̀sílẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó lọ bá Madam Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Madam Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀ọ́dúnrún ìwé ni mo ti tẹ̀," ó ní. "Omijé ayọ̀ ìlú fún ọmọ rẹ̀ àtàtà. Àwọn ewé méjì tó ń dì mọ́ra. Èmi ni mo kọ ọ́, fúnra mi, mo sì sunkún nígbà tí mò ń kọ ọ́. Lórí gọ́ọ̀mù?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Má bẹ̀ mí. Kí la fẹ́ ṣe?"

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé àbúrò gbé gbogbo ọ̀ọ́dúnrún náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, ó gé bébà funfun, ó sì lẹ̀ ẹ́ bo ìpínrọ̀ náà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ títí ilẹ̀kùn fi fẹ́ tì. Gọ́ọ̀mù gidi ló lò. Kò sí èyí tó wú nínú wọn. Ó wò wọ́n, kò sì rí inú dídùn kan nínú ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, èrò pọ̀ lóríta. Wọ́n ti kun ère náà ní dúdú. Madam Akọ̀wé ló di ọwọ́ Alámọ̀ mú. Àbúrò dúró lẹ́yìn àwọn èrò, lẹ́bàá ògiri ilé ìkàwé, níbi tí kò ti ní bá ẹnikẹ́ni fojú kojú. Nígbà tí wọ́n fa aṣọ kúrò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wo ewé kẹta lókè àti nísàlẹ̀, ó wá omijé títí, ó sì wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Tépù ń wo ilẹ̀.

Alámọ̀ gbé orí sókè sí ère tí kò rí.

"Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá?" ó béèrè.

"Ó ń kọjá, Bàbá," Madam Akọ̀wé ní. "Ó ń tàn yanran. Ó dára gan-an."

"Hẹn," Alámọ̀ ní. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí apá ibi tí èrò wà, ó sì gbé ohùn sókè. "Àbúrò mi dà?"

Àwọn ènìyàn yà sọ́tùn-ún sósì. Kò rọrùn fún un láti rìn dé iwájú. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò fi ọwọ́ kàn án.

"Mo wà níbí, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ó ń kọjá?"

Ó wò ó. Gbogbo èrò ń wò ó bó ṣe ń wò ó. Madam Akọ̀wé ń ṣẹ́jú sí i. Láàárín orí ewé kejì àti ìkẹta, àlàfo náà wà, tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé. Ṣùgbọ́n oòrùn wà lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́ tó ga sókè níwájú, dúdú ilé náà nìkan sì ni ènìyàn ń rí láàárín wọn.

"Kò kọjá, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Àlàfo ti là, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ilé ìfowópamọ́ ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó ṣókùnkùn."

Madam Akọ̀wé mí kanlẹ̀. Ojú Alámọ̀ kò yí padà.

"Ìgbà wo ló máa kọjá?"

Ó wo ojú ọ̀run, ó wo òrùlé ilé náà, ó tún wo ère. Ó wù ú gan-an láti sọ pé láìpẹ́.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Bóyá kò tilẹ̀ ní kọjá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. Ó ní kí wọ́n bá òun wá àga kan. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì kọjú sí ère náà. Kò ní kí àbúrò rẹ̀ máa lọ, kò sì ní kó jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àbúrò dúró sí ẹ̀gbẹ́ àga náà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àlàfo tó wà lókè.